Ọmọ Tí A Kò Rán Níṣẹ́

Ohun tí ẹ fẹ́ kà yìí ṣẹlẹ̀. Agboolé tó ti ṣẹlẹ̀ ṣì wà ní Bẹ́yẹrúnkà, àwọn tó sì ṣojú wọn wà láàyè. Ẹni tí kò bá lè gbà á gbọ́, kó fi sílẹ̀ síbẹ̀. Àìgbàgbọ́ kò ní kí ó má ṣẹlẹ̀.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, kí ohunkóhun tó yí padà, Àbíkẹ́ jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ní iwájú rẹ̀, Gàfárù ọmọ rẹ̀ nà gbalaja lórí ẹní. Jamilah, ọmọ Gàfárù, kúnlẹ̀ tì í. Ọmọ ọdún méje ni. Ó fi ìborùn ìyá rẹ̀ bo imú àti ẹnu, ó sì mú ṣíbí kan lọ́wọ́. Iṣẹ́ abẹ ló ń ṣe fún bàbá rẹ̀.

"Ẹ má mira, Bàbá mi."

"Mi ò mira."

"Ẹ ń mira. Ikùn yín ń lọ sókè, ó ń lọ sódò."

"Èémí ni mò ń mí. Àbí kí n má mí mọ́?"

Jamilah ronú sí i. "Ẹ máa mí, ṣùgbọ́n ẹ rọra."

Sìdí, ìyàwó Gàfárù, na ọrùn jáde láti ilé ìdáná. "Dókítà, bí ẹ bá ti la ikùn yẹn tán, ẹ bá mi wo inú rẹ̀ dáadáa. Ẹran kan sọnù nínú ìkòkò mi lánàá."

"Irọ́ ni!" Gàfárù pariwo.

"Ẹni tó ti sùn kì í sọ̀rọ̀," Jamilah wí, ó sì fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu.

Àbíkẹ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Bí ilé náà ṣe rí ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn nìyẹn.

Láti ìgbà tí wọ́n ti bí Jamilah ni ihò kékeré kan ti wà nínú ọkàn rẹ̀. Kò lè gun òkè Mápó láì dúró mí. Bó bá sáré díẹ̀, ètè rẹ̀ a dàbí èyí tí wọ́n rẹ sínú aró. Àwọn dókítà ti ń dúró kí ó dàgbà díẹ̀. Ní báyìí, wọ́n ní àsìkò ti tó, wọ́n fẹ́ dí ihò náà.

Nọ́ọ̀sì kan wà ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé tó ń jẹ́ Grace. Nígbà tí Jamilah sùn síbẹ̀ fún àyẹ̀wò, Grace fún un ní ọmọláńgidi tí wọ́n fi aṣọ rán, pẹ̀lú ìbomú kékeré tirẹ̀. Gbogbo ọmọ tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún ló fún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní ohun tí ọmọ bá ti ṣe fún ọmọláńgidi rẹ̀, ẹ̀rù nǹkan náà kò ní bà á tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Jamilah gba ọ̀rọ̀ náà tọwọ́tẹsẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ abẹ fún ọmọláńgidi. Ó ṣe fún ìrọ̀rí. Ó mú àgbébọ̀ adìẹ kan, adìẹ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó fò gun orí páànù. Ìgbà náà ló wá kan bàbá rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kan wà tí ọmọláńgidi kò lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ló gbé e wá bá Àbíkẹ́. Ó jókòó sórí àpótí rẹ̀, ìyẹn ìjókòó onípákó kékeré tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ ẹ̀gúsí. Ó mú ẹ̀gúsí kan, kò bó o.

"Màmá Àgbà. Wọ́n ní bí wọ́n bá ṣe é tán, nọ́ọ̀sì máa pe orúkọ mi kí n lè jí."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ojú mi á ti wà ní dídì."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mi ò ní rí i."

Àbíkẹ́ mọ ohun tó ń wí.

Òun ló kọ́ ọ. Kò sí ọmọ tó dàgbà ní agboolé náà tí wọn kò kọ́ bẹ́ẹ̀. Bí o bá gbọ́ tí wọ́n pè ọ́, tí o kò rí ẹni tó pè ọ́, má jẹ́ ẹ. Má wí pé "ẹ̀ẹ́n". Dìde, kí o lọ wò ó. Bó bá jẹ́ ènìyàn, wàá bá a níbẹ̀. Bí kò bá jẹ́ ènìyàn, o kò ì tíì dá a lóhùn. Àwọn àgbà tiẹ̀ máa ń dán àwọn ọmọ wò. Wọn a fara pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọn a pe ọmọ. Èyí tó bá jẹ́ ìpè láì wò, wọn a fa etí rẹ̀. Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti rí Jamilah mú.

"Ṣé kí n jẹ́ ẹ?" ọmọ náà bi í.

"Ìyẹn, o lè jẹ́ ẹ."

"Báwo ni màá ṣe mọ̀ pé òun ni?"

Àbíkẹ́ gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lára ìró rẹ̀. "Wàá mọ̀," ni ó wí.

"Ẹ̀yin ni kí ẹ wá pè mí. Ohùn yín ni mo mọ̀."

"Orúnkún mi ò ní jẹ́ kí n lè gun àtẹ̀gùn ọsibítù, ọmọ mi."

Jamilah yí ẹ̀gúsí náà síhìn-ín sọ́hùn-ún. "Ọ̀rẹ́ mi náà ò mọ̀."

"Ọ̀rẹ́ rẹ wo?"

"Ọ̀rẹ́ mi oníṣùkú. Bẹ́ẹ̀dì wa ló tẹ̀ lé ara wọn. Ikùn ni wọ́n fẹ́ ṣe ní tirẹ̀, ọjọ́ kan náà ni. A ti jọ sọ ọ́. Ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà, kó di ọwọ́ ẹnìkejì mú. A jọ máa lọ, a jọ máa bọ̀."

"Ó dára. Kí ni wọ́n ń pè é?"

"Ọ̀rẹ́ mi."

"Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ nìyẹn?"

"Òun náà ń pè mí ní ọ̀rẹ́ mi," Jamilah wí, bí ẹni tó ti parí ọ̀rọ̀.

Àbíkẹ́ fi ṣe ẹ̀rín, ó sì gbàgbé rẹ̀. Ohun mìíràn ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ó ti sin ọmọ rí, ó mọ bí ilé ṣe ń rí lẹ́yìn rẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ọ̀bẹ dókítà kọ́ ló ń ba òun lẹ́rù. Ìpè náà ni.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ náà, gbogbo nǹkan di kánmọ́kánmọ́. Gàfárù ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń pariwo pé ọkọ̀ ń dúró. Sìdí ń wá bàtà. Ó bá Àbíkẹ́ ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ kí ewúrẹ́ má baà wọlé, ó sì sáré jáde. Jamilah ti pọn ọmọláńgidi rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá bàbá rẹ̀.

"Màmá Àgbà, mò ń lọ."

"Lọ kí o bọ̀," Àbíkẹ́ wí. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan orí rẹ̀. "Lọ kí o bọ̀."

Lẹ́yìn tí wọ́n lọ tán ló mọ̀ pé Sìdí ti mú kọ́kọ́rọ́ yàrá lọ. Ó tú abẹ́ ẹní wò, ó tú abẹ́ àtẹ wò. Kò sí. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì kọjú sí ẹ̀gúsí.

Ọ̀sán gangan dé. Àwọn ọmọ wà nílé ìwé. Àwọn obìnrin ti lọ sí Ọjà'ba. Òrùn ń ta lórí páànù. Ewúrẹ́ sùn lábẹ́ ògiri. Ẹ̀rọ ọlọ tó máa ń ké láti ojúlé kejì ti dákẹ́, kò sì sẹ́ni tó mọ ìgbà tó dákẹ́. Kò sí ohùn kankan àfi èèpo ẹ̀gúsí tó ń ṣẹ́ lọ́wọ́ Àbíkẹ́. Kẹ́. Kẹ́. Kẹ́.

Ó rò ó pé ìrun Àìlà ti ń sún mọ́. Omi àlùwàlá ló kàn. Kò gbé ojú sókè. Bó ti ń ṣe é lójoojúmọ́ ló ṣe é.

"Jamilah! Gbé bùtá wá!"

Ó ti bọ́ kí ó tó rántí. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀. Orúkọ náà lu ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde sínú oòrùn, ó lọ.



Ewúrẹ́ dìde. Kò ké. Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó sì rìn kúrò nínú agboolé láti ẹ̀yìn, bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ òun.

Àbíkẹ́ gbọ́ ẹsẹ̀ nígbà náà. Ẹsẹ̀ ọmọdé ni, láìní bàtà, lórí sìmẹ́ńtì. Atẹ́gùn tútù kan wọlé ṣáájú ẹsẹ̀ náà. Ó mú òórùn ọsibítù lọ́wọ́.

Jamilah dúró ní ẹnu ọ̀nà. Ó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé kan tí Àbíkẹ́ kò rí rí, aṣọ tí wọ́n so lẹ́yìn. Fìlà rírọ̀ kan bo irun rẹ̀. Oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí òjìji kankan nílẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Màmá Àgbà, ẹ̀yin lẹ pè mí?"

Àbíkẹ́ wo ilẹ̀, ó tún wo ojú rẹ̀.

"Mo gbọ́. Mi ò rí ẹni tó pè mí. Ni mo ṣe wá wò."

Bó ti kọ́ ọ gan-an nìyẹn.

Ọmọ kan wà lẹ́yìn Jamilah. Ó kéré sí i díẹ̀. Wọ́n di irun rẹ̀ ní ṣùkú. Aṣọ aláwọ̀ ewé kan náà ló wà lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú.

Orí Àbíkẹ́ pé. Ó mọ̀ pé bí òun bá wí pé káàbọ̀, ọmọ ti dé nìyẹn. Bí òun bá fún un lómi, ó ti dé. Bí òun bá fa á mọ́ra, bí gbogbo ara òun ṣe ń fẹ́ kí òun fa á mọ́ra, ó ti dé, kò sì ní padà. Òun kò sì lè lé e. Ọmọ tí wọ́n bá lé kúrò nílé baba rẹ̀, níbo ni yóò gbà?

Ohun kan ṣoṣo ló ń mú ọmọ kúrò nídìí àgbà láìsí ìbínú. Ó rán an níṣẹ́.

"Èmi ni mo pè ọ́," ó wí. "Mo fẹ́ rán ọ níṣẹ́ ni. Sáré lọ bá ìyá rẹ. Ní kó fún ọ ní kọ́kọ́rọ́ mi tó mú lọ. Má yà síbì kankan. Má dá ẹnikẹ́ni lóhùn lọ́nà. Ìyá rẹ ni kí o jẹ́ ẹ fún."

"Kọ́kọ́rọ́ yín."

"Kọ́kọ́rọ́ mi. Ó yá, kó o dé ibẹ̀ kí itọ́ yìí tó gbẹ." Ó tutọ́ sílẹ̀, bí àwọn àgbà ti ń ṣe fún ọmọ tí wọ́n fẹ́ kó yára.

Jamilah wo itọ́ náà. Ó rẹ́rìn-ín. Eré tó fẹ́ràn jù nìyẹn, nítorí pé ọkàn rẹ̀ kì í sábà jẹ́ kó borí nínú rẹ̀.

"Kí ọ̀rẹ́ mi dúró dè mí?"

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó jọ̀wọ́ ọwọ́ ọmọ kejì, ó yí padà, ó sáré. Àbíkẹ́ kò rí i kí ó sáré bẹ́ẹ̀ rí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dún lórí sìmẹ́ńtì, kò dún mọ́.

Ó ku ọmọ oníṣùkú.

"Ìwọ, ọmọ mi," Àbíkẹ́ wí jẹ́jẹ́. "Kí lorúkọ rẹ?"

Ọmọ náà la ẹnu. Kò sí ohùn níbẹ̀.

"Ọmọ ta ni ọ́? Níbo nilé yín?"

Ọmọ náà bojú wo ibi tí Jamilah gbà lọ. Ó tún wo Àbíkẹ́.

"Lọ bá ìyá rẹ. Ní kí ó..."

Ìyókù kò wá. Kí ló fẹ́ ní kó lọ gbà lọ́wọ́ obìnrin tí kò mọ̀? Ta ni kó ní ó rán an? Ọmọ náà dúró, ó fọwọ́ sẹ́yìn, ó gbé ojú sókè. Ọmọ gidi ni. Ó ń retí kí àgbà parí ọ̀rọ̀.

Àgbà kò parí rẹ̀.

Nígbà tó ṣe, ọmọ náà wá jókòó sórí àpótí Jamilah. Ó mú ẹ̀gúsí kan láti orí àtẹ. Kẹ́. Ó mú òmíràn. Àbíkẹ́ kò mọ ohun mìíràn tí òun lè ṣe fún un. Ó mú tirẹ̀ náà. Wọ́n jọ bó o, àwọn méjèèjì.

Ládàánì pe ìrun. Ẹ̀rọ ọlọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Àbíkẹ́ ṣẹ́jú, kò sì sí ẹnikẹ́ni lórí àpótí. Òkìtì ẹ̀gúsí kékeré kan wà níwájú rẹ̀. Wọ́n bó o mọ́ tónítóní, kò sí èyí tó fọ́. Ọwọ́ Àbíkẹ́ ti gbó. Tirẹ̀ máa ń fọ́.

Kò tíì kúrò níbi tó jókòó sí nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Sìdí ni. Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Màmá, ó ti jí! Wọ́n pè é, wọ́n pè é, kò dáhùn. Nọ́ọ̀sì Grace pè é títí ohùn fi há a. Dókítà wá dúró tì í, ojú wọn ti ń yí padà. Àfi bó ṣe lajú fò! Ó ní, 'Màmí, Màmá Àgbà ní kí ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ àwọn.' Mo ní kọ́kọ́rọ́ wo? Mo tú etí ìró mi. Màmá, ó wà níbẹ̀! Èmi gan-an ò mọ̀ pé mo so ó mọ́ ọn. Ṣé ẹ ti bá a sọ ọ́ kó tó jáde nílé ni?"

"Alihamdulilahi," Àbíkẹ́ wí.

"Màmá, mo ní ṣé ẹ ti..."

"Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ńkọ́?"

"Ọ̀rẹ́ wo, Màmá?"

"Oníṣùkú."

Láti ẹ̀yìn ohùn Sìdí, láti ọ̀nà jíjìn nínú ilé ìwòsàn náà, Àbíkẹ́ gbọ́ igbe obìnrin kan. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni. Òmíràn kò tẹ̀ lé e.

"Màmá," Sìdí wí wúyẹ́wúyẹ́. "Ta ló sọ fún yín?"

Jamilah padà wálé pẹ̀lú àpá gígùn kan láyà àti ètè pupa. Àwọn ará agboolé jó pàdé rẹ̀. Gàfárù gbé e sọ́rùn, ó ní kí dókítà òun má bínú, òun lòún jẹ ẹran ọjọ́sí. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, ọmọ náà wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó wo àpótí rẹ̀. Kò jókòó lé e. Ó lọ mú ẹní, ó tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó tú ọmọláńgidi kúrò lẹ́yìn, ó rọra gbé e lé orí àpótí náà.

"Kí nìyẹn fún?" Àbíkẹ́ bi í.

"Kó má baà dá wà."



Òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ kí obìnrin kan tó wá. Aránṣọ ni láti Ìdí Arẹrẹ. Okùn ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, bí ẹni tó dìde nídìí ẹ̀rọ láì mọ̀ pé òun máa jáde. Ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ káàsán, Mà. Èmi ni ìyá Ayọ̀mídé."

Bí Àbíkẹ́ ṣe mọ orúkọ náà nìyẹn.

"Jamilah yín sọ fún mi ní wọ́ọ̀dù pé ọ̀rẹ́ òun ń dúró de òun ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín. Mo bínú sí i, Mà. Mo ní kí ìyá rẹ̀ mú un kúrò níwájú mi." Ó nu ojú. "Ṣùgbọ́n mi ò rí oorun sùn mọ́. Níbo ló dúró sí?"

Àbíkẹ́ fi hàn án. Obìnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí. Àbíkẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kò yọ nǹkan kan kúrò. Nígbà tó dé orí ẹ̀gúsí, obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín lójijì.

"Ó bó o mọ́?"

"Ó mọ́ ju tèmi lọ."

"Èmi ni mo kọ́ ọ. Ọ̀lẹ ọmọ ni, Mà! Kò fọ abọ́, kò gbálẹ̀. Ẹ̀gúsí nìkan." Ẹ̀rín náà já. Ó fi okùn ìwọnṣọ nu imú rẹ̀.

"Ká ní mo mọ orúkọ rẹ̀ ni..." Àbíkẹ́ bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ má sọ ọ́, Mà. Ẹ jọ̀ọ́."

Òjò ń kán láti etí páànù.

"Orúkọ rẹ̀ wà lẹ́nu yín," Àbíkẹ́ wí nígbà tó yá. "Bí ẹ bá pè é, bóyá á gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má pè é bí ẹ ò bá ní iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ rán an. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè rán an."

Obìnrin náà fa èémí sínú. Ó la ẹnu. Nǹkan kan ṣẹ́ lórí àtẹ.

Kẹ́.

Ọwọ́ Àbíkẹ́ méjèèjì wà lórí itan rẹ̀. Àwọn obìnrin méjèèjì kò wo ara wọn.

Ìyá Ayọ̀mídé pa ẹnu rẹ̀ dé. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bí ìgbà tí ọmọ bá ń sùn nítòsí.

"Ibi tí mo bá rán an, á lọ, Mà. Ẹ jẹ́ kó jókòó ná."

Jamilah ti ń gun òkè Mápó báyìí láì dúró mí. Bí wọ́n bá pè é tí kò rí ẹni tó pè é, kò tíì jẹ́ ẹ rí. A dìde, a lọ wò. Ìyá Ayọ̀mídé a máa yà bó bá ń ti Ọjà'ba bọ̀. A jókòó díẹ̀, a sọ̀rọ̀ nípa aṣọ àti òjò, a lọ. Kò tíì pe ẹnikẹ́ni.

Àpótí náà ṣì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹni tó bá ń kọjá a yà fún un.